Ẹni Tí Bàbá Mi Rán sí Ìdí Ẹja

Kí n tó sọ bí mo ṣe fẹ́ràn apòògùn náà, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń jẹun nínú ìdílé mi, nítorí ìdí oúnjẹ ni ó ti rí mi, ìdí oúnjẹ náà sì ni wọ́n ti fẹ́ já mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá mi wa tírélà títí irun fi funfun lórí rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó ní òun kò fẹ́ àga ìrọ̀gbọ̀kú, òun kò sì fẹ́ aago ọwọ́. Ohun tí òun fẹ́ ni kí òun kó ìyàwó òun àti àwọn ọmọ òun méjèèjì lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan létí adágún omi, kí àwa náà sinmi bí àwọn tó ń sinmi. Bùfẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì náà: o sanwó lẹ́ẹ̀kan, o wọlé, o sì jẹ títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi bẹ ara rẹ pé ó tó. Àwọn kan máa ń wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ láìní ètò. Wọn á he àwo, wọn á fi búrẹ́dì àti ìrẹsì kún un nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé e sí, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa dé ìdí ẹran, ikùn ti ti ilẹ̀kùn. Bàbá mi kì í ṣe ara wọn.

"Ẹ má tíì fọwọ́ kan àwo," ni ó wí fún wa ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́. "Ẹ kọ́kọ́ yí tábìlì ká. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ máa ń rìn ín yí ká ni. Ohun tí a lè sè nílé, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìndòdò, omi tó ń hó lásán ni; ẹ wò ó lójú, ẹ má dá a lóhùn."

Ìyá mi, tó ń ta bọ́tìnnì àti síìpù, wo ojú rẹ̀. "Bàbá wọn, ṣé a wá sinmi ni, àbí a wá jagun?"

"Ìsinmi ni. Àmọ́ ìsinmi tí a sanwó rẹ̀ ni."

Ó yan tábìlì tó súnmọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbé oúnjẹ tuntun jáde, ó sì pín iṣẹ́ fún wa. Òun mú ìdí ẹran sísun. Ìyá mi mú èso. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ wẹ́dà, mú ẹja. Èmi ni wọ́n rán sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń din ẹyin, nítorí pé ibẹ̀ gba ìdúró, bàbá mi sì ní ẹni tó ti kàwé jáde tí kò rí iṣẹ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tò. Olúkúlùkù yóò kó ti gbogbo ilé wá, a ó gbé gbogbo rẹ̀ sí àárín, a ó sì máa fi sínú àwo ara wa. Oúnjẹ kì í tutù. Ẹnikẹ́ni kì í dìde nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn lọ.

Ètò ọrọ̀-ajé ni mo kà ní yunifásítì, ìpele tí mo sì fi jáde kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi pamọ́. Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń fi píìnì so nọ́ńbà mọ́ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin tí wọ́n wo ìwé ẹ̀rí mi, tí wọ́n yìn ín, tí wọ́n sì dá a padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Tìbínú-tìbínú ni mo bá wọn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì náà. Ní òwúrọ̀ kejì, mo tún tò sí ìdí ẹyin pẹ̀lú ìbínú náà, jẹ́jẹ́, láìfi han ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin tó wà níwájú mi gba ẹyin tirẹ̀, kò sì lọ. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń sọ fún alásè pé kí méjì má ní àlùbọ́sà, kí ọ̀kan gbẹ dáadáa, kí ìkẹrin má gbẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ máa jẹ gbogbo ìyẹn?"

"Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́?"

"Mo máa bẹ̀rù yín, mo sì máa bọ̀wọ̀ fún yín."

"Ti gbogbo ilé ni."

"Mo mọ̀. Mo ti ń wò yín láti àná. Ẹ máa ń fi oúnjẹ sínú àwo ara yín." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rí ohun tí wọ́n sọ fún un pé kò sí láyé. "Nílé tiwa, olúkúlùkù ló ní àwo ẹ̀. Bí mo bá nawọ́ sí àwo ìyá mi, wọ́n á bi mí bóyá mo ti fọwọ́."

"Kí lẹ wá ń bá ara yín sọ nídìí oúnjẹ?"

Ó ronú sí i dáadáa. "'Ẹ bá mi na iyọ̀ yẹn.'"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn láìṣe pé mo fi bo nǹkan mìíràn. Ó bá mi gbé àwo méjì dé ìdí tábìlì wa, bàbá mi sì wò ó láti òkè délẹ̀ bí ẹni wo táyà kí ó tó rà á.

"Kí ni iṣẹ́ ẹ, ọmọ mi?"

"Apòògùn ni mí, sà."

"Ọwọ́ ẹ kò gbọ̀n. Omi ẹyin kankan kò dà. Lọ́la, ìdí ẹja ni kí o dúró sí. Ọmọkùnrin mi yìí máa ń gbé ẹja bí ẹni gbé irin tó ń jó."

"Dádì, iṣẹ́ mi nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbà á lọ́wọ́ ẹ. O wà ní ìsinmi."

Àwàdà ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, apòògùn dúró sí ìdí ẹja kí alásè tó ṣí ìdérí, ó mú àwo mẹ́ta lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì kún fún ayọ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n yàn sípò.

Ìyá rẹ̀ wọlé ní àkókò náà gan-an. Ọ̀gá ilé-ìwé ni obìnrin náà kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un pé ilé-ìwé ti jáde. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni apòògùn. Ohun tó rí láti ẹnu ọ̀nà ni ọmọ náà tó ń sáré gba àárín àwọn àlejò kọjá pẹ̀lú ẹja, tí bàbá mi sì ń ké sí i láti ìdí ẹran pé, "Apá ikùn ni kí o gbà o, apá ikùn. Má jẹ́ kí wọ́n fún ẹ ní ìrù."

Ó rìn wá sí tábìlì wa. "Ẹ káàárọ̀. Ta ló rán ọmọ mi níṣẹ́?"

"Èmi ni, màdáámù," bàbá mi dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ń bọ̀ wá jókòó. "Ọmọ yín mọṣẹ́. Ẹ wá bá wa jẹ."

Ọ̀gá ilé-ìwé wo tábìlì náà: ẹran, èso, ẹyin, oríṣiríṣi wàràkàṣì, gbogbo rẹ̀ ní àárín, fọ́ọ̀kì ń wọ inú ara wọn. "Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn," ni ó wí, "òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, màdáámù. Àmọ́ níbí, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń bá wa kó àwo."

Ìyá mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú ẹ̀gbọ́n mi jáde. Ọ̀gá ilé-ìwé kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, tó ti dé, tó sì dúró láàárín tábìlì tiwọn àti tiwa.

"Gbé e kalẹ̀."

Ó gbé e kalẹ̀. Orí tábìlì tiwa ni ó gbé e kalẹ̀ sí. Ó mú fọ́ọ̀kì, ó yọ egungun kúrò lára èyí tó dára jù, ó sì fi í sínú àwo mi níwájú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí tábìlì wọn, ó jókòó, ó sì tẹ́ nápíkììnì sórí itan rẹ̀. Nǹkan méjì ni ó ṣe lójú mi ní òwúrọ̀ yẹn. Èyí àkọ́kọ́ ni mo gbé lọ sílé.

Ní ọ̀sán tí a máa kúrò níbẹ̀, mo bá a létí omi, lórí afárá onígi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́.

"Mọ́mì ní kí n má bá yín sọ̀rọ̀ mọ́," ni ó wí.

"Kí lẹ wá ń ṣe báyìí?"

"Mo ń wo omi. Ẹ̀yin lẹ wá dúró síwájú ẹ̀."

"Ẹ yéé pè mí ní 'ẹ̀yin'. Bàbá mi kì í rán àlejò níṣẹ́."

Ó yíjú kúrò lójú omi. "Ó dáa. Ṣé o máa fún mi ní nọ́ńbà fóònù ẹ, àbí kí n lọ tò sẹ́yìn àwọn tó kù?"

"Kò sẹ́ni tó ń tò."

"Ìyẹn yà mí lẹ́nu," ni ó wí, kò sì fi ṣe àwàdà. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ojú kúrò.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ní ìlú wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí wá sí ilé ìfọṣọ. Ilé òògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ jìnnà sí wa, ilé ìfọṣọ mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀. Ó gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun lé orí káńtà.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. "Aṣọ yìí mọ́."

"Mo mọ̀."

"Kí ni kí a wá ṣe sí i?"

"Ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má sì yára, kí n lè máa wá béèrè."

Ó máa ń wá béèrè. Nígbà mìíràn, ìyàwó ọ̀gá mi á wà nítòsí, a ó sì máa sọ̀rọ̀ ọṣẹ àti bùlúù bí ẹni pé ayé dúró lé wọn lórí. Bí ó bá ti lọ, èmi ni mo máa ń so nọ́ńbà mọ́ aṣọ náà, èmi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi ṣe é. N ó so ó tán, n ó sì jẹ́ kí ọwọ́ mi wà lórí kọ́là náà, níbi tí ọrùn rẹ̀ máa ń wà. Èéfín áyọ́ọ̀nù ló kún inú yàrá yẹn, ooru sì ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ bá dúró níta, ara mi á tutù títí n ó fi rí i pé kì í ṣe òun. Mo máa ń bú ara mi. Mo ní, ìwọ tí inú ń bí sí gbogbo ayé, wo bí o ṣe ń fọwọ́ pa kọ́là lórí. Èébú náà kò dí mi lọ́wọ́.

Nígbà tí ó sọ nílé pé èmi ni òun máa fẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ wá jíṣẹ́ ìyá rẹ̀ fún mi ni àbúrò bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Aránṣọ ni, Àǹtí ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ojú lásán ló sì fi ń wọn ènìyàn. Ó wọlé, ó ní kí n dìde.

"Yíjú sẹ́yìn. Hẹ̀n-ẹ́n. Ìbàdí ẹ dáa. Ìyẹn ló yẹ kí wọ́n máa sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja."

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ṣé wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹja?"

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kì í gbàgbé. Ó lè sọ ẹni tó pẹ́ dé ilé-ìwé kí wọ́n tó bí ẹ. Ó ní àwọn tó bá lè pín tábìlì òtẹ́ẹ̀lì bí ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n á pín ilé òun náà." Ó jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí láìbéèrè. "Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní ọmọ náà kàwé. Ó ní òun rí ibi tí ìwé náà dúró sí, ìdí ẹyin ni. Má bínú, bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́."

"Mi ò bínú," ni mo wí. Irọ́ ni. "Kí ni wọ́n fẹ́?"

"Ó fẹ́ kí ìdílé méjèèjì jẹun pọ̀. Ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn náà."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀?"

"Ó ní ibi tí òun ti rí àìsàn ni òun ti fẹ́ wò ó bóyá ó ti san. Ẹnìkan, àwo kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde lẹ́ẹ̀mejì. Kí bàbá ẹ má sì ké sí ẹnikẹ́ni. Bí gbogbo ìyẹn bá lọ bẹ́ẹ̀, ó ní òun á gbà ẹ́ ní ìyàwó ọmọ òun, òun ò sì ní dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́."

"Àǹtí, ìdánwò nìyẹn."

"Ìdánwò ni. Ẹ̀yin akàwé, ṣé ẹ ti ń sá fún ìdánwò ni?"

"Èmi ni wọ́n máa ń fún. Wọn kì í gbé e fún bàbá mi."

Ó wò mí pẹ́. Ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀. "Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ọmọ mi. Ọmọkùnrin yẹn kò jẹun dáadáa mọ́. Ó ti rù. Mo ti dín ṣòkòtò ẹ̀ kù."

Ìyẹn ló gún mi jù lọ. Mo fẹ́ kí ó rù nítorí mi. Mo sì fẹ́ fi ọwọ́ mi bọ́ ọ.

Nígbà tí apòògùn fúnra rẹ̀ dé, kò gbé aṣọ kankan lọ́wọ́. "Ọjọ́ kan péré ni," ni ó wí. "A jẹun, a dìde, ó parí. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó máa sọ fún wa bí a ṣe máa jẹun nílé wa."

"Kì í ṣe èmi ni wọ́n ní kó yí padà."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o sọ nǹkan kan fún wọn? Nígbà tí wọ́n dá a lábàá?"

Ó gbá ọwọ́ mi mú lórí káńtà. Ọwọ́ apòògùn, tó máa ń ka hóró òògùn láìṣe àṣìṣe, kò gbọ̀n rárá. "Èmi nìkan ni mọ́mì ní. Bí mo bá takò wọ́n, wọ́n á ṣàìsàn. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà fẹ́ ẹ."

Mo ronú sí gbólóhùn náà ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n kọ́ mi láti gbà ronú. Ọmọ tó bẹ̀rù ìyá rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìfẹ́ tó bẹ̀rù ṣì jẹ́ ìfẹ́. Mo ń ka gbogbo ìwọ̀nyí fún ara mi, ọwọ́ mi sì wà nínú ọwọ́ rẹ̀, kò sì wù mí kí n yọ ọ́.

Ìyá mi ni mo sọ fún, nínú ilé ìdáná, ní ohùn kẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo ayé rẹ̀ ní gbígbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kì í pàdánù ohùn kẹ́lẹ́. Bàbá mi yọjú láti pálọ̀.

"Àwo kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

"Ṣé àwo fífẹ̀ ni àbí kékeré yẹn?"

"Bàbá wọn," ni ìyá mi wí.

"Mo kàn béèrè ni." Ó fa àga, ó jókòó. "Ṣé ọmọ yẹn fẹ́ràn rẹ?"

"Ó fẹ́ràn mi."

"Ìwọ ńkọ́?"

Bàbá mi wo ojú mi títí, ó sì rí ohun tó ń wá. Ó mi orí. "Ó ti yé mi. Àwo kan kò lè pa mí. Bísíkíìtì àti omi ni mo fi wakọ̀ kọjá ààlà orílẹ̀-èdè rí."

"Dádì, ẹ lè kọ̀."

"Kí n kọ̀ kí o máa wo ọ̀nà lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ tí kò ní dé? Sọ fún wọn pé à ń bọ̀."

Ó wọ táì lọ. Ìyá mi ló bá a so ó, wọ́n sì tú u lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a wọ yàrá oúnjẹ náà, ọ̀gá ilé-ìwé, Àǹtí àti apòògùn ti jókòó sí tábìlì gígùn kan láàárín yàrá, ó jìnnà sí ilé ìdáná. Wọ́n kí wa dáadáa. Ní ti ìkíni, kò sí ohun tí mo lè kà sí wọn lọ́rùn.

A dìde láti lọ bu oúnjẹ. Bàbá mi kò yí tábìlì ká. Ó tò sẹ́yìn àwọn ènìyàn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó sì mú búrẹ́dì. Mo rí i. Bàbá mi mú búrẹ́dì ní bùfẹ́. Ó bu ìrẹsì díẹ̀ sí i, ó fi ewé tútù díẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ kò sì fọwọ́ kan ara wọn nínú àwo. Nígbà tó dé ìdí ẹran, alásè tó ń gé e rántí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là.

"Ọ̀gá awakọ̀, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gé ti ìhà fún yín, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni bàbá mi wí. "Kò ní í jẹ́ tòní." Ó sì yíjú wo ọ̀gá ilé-ìwé, láti mọ̀ bóyá ohùn òun ti ga jù.

A jẹun. Fọ́ọ̀kì ń ró lára àwo. Ọ̀gá ilé-ìwé bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá iṣẹ́ wẹ́dà kì í ba ojú jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ní ó ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, mà. Àǹtí gbìyànjú láti dá àpárá kan, kò rí ẹni bá a parí rẹ̀. Ẹnìkan ní kí wọ́n na iyọ̀ sí òun.

Mo ń wo apòògùn. Gbólóhùn kan ni mo ń retí lẹ́nu rẹ̀, èmi kò sì béèrè pé kí ó gùn. Kí ó ní, "Dádì, ẹ kò mú ẹran." Ìyẹn ì bá tó. Kí ó tilẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, kí ó lọ bù ú wá, kí ìyá rẹ̀ sì ṣàìsàn tó bá fẹ́ ṣàìsàn. Ó gé ẹran tirẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó gbójú sókè, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ṣe dáadáa.

Bàbá mi ni ó kọ́kọ́ jẹ tán. Wọ́n gbé àwo ẹran tuntun jáde láti ilé ìdáná, òórùn rẹ̀ sì gba orí wa kọjá. Gbogbo ènìyàn wo ibẹ̀, àfi òun. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan, ó ń wo ògiri.

Ọ̀gá ilé-ìwé nu ẹnu rẹ̀. "Ó dára," ni ó wí. "Inú mi dùn sí i. Mo rí i pé kò sí ọjọ́ orí tí ènìyàn kò lè kọ́ ẹ̀kọ́."

"Ẹ ṣé, mà," ni bàbá mi dáhùn.

Ó ju obìnrin náà lọ ní ọjọ́ orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹrí ba díẹ̀ nígbà tó ń dúpẹ́. Èmi kò sunkún, èmi kò sì fọ́ àwo. Mo ká nápíkììnì mi sí mẹ́rin, mo fi í sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ìbínú mi sì mọ́ bí omi tí a ti sẹ́: mo rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ó sọ ohun tó fẹ́, ó sì gbà á.

Nígbà tí a ń padà sílé, bàbá mi ló ń wakọ̀. A ti rìn jìnnà kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

"Ẹ ṣe é dáadáa, Dádì."

"Ṣé wọ́n gbà?"

"Wọ́n gbà."

"Ó dáa." Ó yí ìdarí ọkọ̀ síbi ilé epo kan. "Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Ebi ń pa mí."

Ó sọ ọ́ láìfi bú ẹnikẹ́ni. Ó ra bísíkíìtì ní ṣọ́ọ̀bù ilé epo náà, ó sì lọ dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí a má baà rí i bí ó ṣe ń yára jẹ ẹ́. Ìyá mi jókòó síwájú, ó ń tú okùn àpò rẹ̀, ó sì tún ń so ó. Èmi sọ̀ kalẹ̀, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà, fóònù mi sì dún.

"Ó ti parí," ni apòògùn wí. Ayọ̀ inú ohùn rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fara ti ẹ̀rọ náà. "Ṣé o rí i? Mọ́mì ti gbà. Àǹtí ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ. Kí ló tún kù?"

"Ìwọ ló kù."

"Kí ló dé? Ṣé mi ò tíì sọ fún ẹ pé mo fẹ́ràn rẹ ni?"

"O sọ fún mi. Èmi náà fẹ́ràn rẹ, kò dín. Ṣùgbọ́n bàbá mi jókòó síwájú ẹ lónìí, oúnjẹ yí i ká, ebi sì ń pa á. O rí i."

Kò sọ pé òun kò rí i. Mo gbóríyìn fún un nítorí ìyẹn.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Sọ ọ́, mo máa ṣe é."

"Mi ò ní sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo ṣe é."

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó súnmọ́ etí mi bí ẹni pé ó dúró tì mí, gbogbo ara mi sì fẹ́ kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtùnú wà lẹ́nu mi tí mo lè fi gbà á sílẹ̀. Mo lè ní, kò sí wàhálà, a ti fẹ́ra tán. Mo pa ẹnu mi dé mọ́ ọn. Kò pa fóònù. Èmi náà kò pa á.

Bàbá mi nu ẹnu rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. "Ọmọ mi, ṣé ká máa lọ?"

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, Dádì," ni mo wí, mo sì tẹ fóònù mọ́ etí mi sí i.